Wọ́n ní sísanra ló ń fa iyè rírà: ṣé ká dín oúnjẹ Màmá kù ni?

Àdùkẹ́ Ìkìrun
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀rọ̀ Màmá wa ni mo gbé wá. Wọ́n ti pé ẹni ọdún 78, wọ́n sì ti ń gbàgbé nǹkan. Wọ́n á bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ tán, wọ́n á tún bù ú. Wọ́n á bi mí pé ṣé Rẹ̀mí ti ti ilé ìwé dé, bẹ́ẹ̀ Rẹ̀mí ti bímọ méjì. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní London ka nǹkan kan lórí fóònù pé sísanra ló ń fa iyè rírà, àrùn ìgbàgbé tí òyìnbó ń pè ní dementia. Ó wá ní ká gba àmàlà kúrò lọ́wọ́ wọn pátápátá, kó jẹ́ pé ewébẹ̀ àti kùkúńbà nìkan ni wọ́n á máa jẹ lálẹ́.

Màmá sanra lóòótọ́ nígbà tí wọ́n ń ta aṣọ. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ìró tí wọ́n ń ró tẹ́lẹ̀ ti ń lọ́ mọ́ wọn lára lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n ní ohun tó dáa nìyẹn, pé ara wọn ń fúyẹ́. Èmi tí mò ń gbé pẹ̀lú wọn, ọkàn mi ò balẹ̀. Ta ló mọ̀ nípa rẹ̀ nínú yín?

Bàbá Lékan
Àdùkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ London fi ebi pa ìyá yín o. Iyán ni ìyá tèmi ń jẹ títí wọ́n fi pé 87, kò sì sí ohun tí wọ́n gbàgbé, pàápàá jù lọ owó tí mo jẹ wọ́n. Ogbó ni. Arúgbó kì í ṣe ọmọdé, ẹ fún wọn lóhun tó wù wọ́n.

Nọ́ọ̀sì Leeds
Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "ogbó ni" yẹn ló ń pẹ́ àwọn èèyàn nílé títí nǹkan á fi bàjẹ́. Kí ẹni ọdún 78 máa wá gíláàsì ojú rẹ̀ kiri, mo lè pe ìyẹn lógbó. Kó máa wá ọmọ tó ti bímọ pé kó ti ilé ìwé dé, ó yẹ kí dókítà rí i.

Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ ìró tí ẹ sọ yẹn ló kàn mí jù. Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Òṣùwọ̀n la fi ń ṣọ́ àwọn ìyá àti bàbá wa, a sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ lóṣooṣù. Bí ẹnì kan bá pàdánù 5 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, tí kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń gbààwẹ̀, a ti ń pe dókítà nìyẹn. Fún ẹni tó wọn 60 kílò, kílò mẹ́ta péré ni. Ojú lásán lè má rí i, ṣùgbọ́n ìró á rí i. Ẹ má dín oúnjẹ kankan kù kí ẹ tó wọ̀n wọ́n.

Dókítà Ìgboro
Nọ́ọ̀sì ti là á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìdàrúdàpọ̀ ti ń wá, nítorí ohun tí ẹ̀gbọ́n kà kì í ṣe irọ́. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n dà pọ̀. Sísanra láàárín ogójì sí ọgọ́ta ọdún, ọ̀tọ̀ ni. Ká máa ru lẹ́yìn àádọ́rin ọdún, ọ̀tọ̀ ni.

Ìwádìí kan wà tí wọ́n ń pè ní Whitehall II. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní London ni, wọ́n lé ní 10,000, ẹni ọdún 35 sí 55 sì ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1985. Wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n ń tọ ipasẹ̀ wọn lọ. Nígbà tó di 2018, wọ́n gbé àbọ̀ jáde: ẹni tó sanra jù nígbà tó wà lẹ́ni ọdún 50, ewu iyè rírà tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹni tí ara rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ìwọ̀n ẹni ọdún 60 àti 70 wò ó, ewu yẹn ò hàn mọ́.

Ìdí ni pé àwọn tí àrùn náà padà mú ti bẹ̀rẹ̀ sí í ru ní bí ọdún mẹ́jọ ṣáájú kí dókítà tó dárúkọ àrùn fún wọn. Wọn ò tíì máa ṣìnà, wọn ò tíì máa pe Rẹ̀mí, ara ti ń fà. Tí ẹ bá wá kó àwọn ẹni ọdún 78 jọ lónìí, ẹ ó rí i pé àwọn tó rù ni iyè wọn ń ra jù. Àrùn náà ló ti ń jẹ wọ́n lára kó tó hàn nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn.

Ìyẹn ló fa ariwo ní 2015. Àwọn kan ṣí ìwé àwọn aláìsàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní àwọn tó rù jù ni ewu wọn fi 34 nínú 100 ga ju ti àwọn tí ara wọn mọ níwọ̀n lọ, àti pé ti àwọn tó sanra gan-an ló kéré jù. Ìwé ìròyìn gbé e pé sísanra ń dáàbò bo ọpọlọ. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn tako wọn: wọ́n ní bí ẹ bá wọn ẹnì kan nígbà tí àrùn ti wọ̀ ọ́ lábẹ́nú, kí lẹ wọ̀n?

Kúnlé Ayọ̀
Dókítà, kí ni ọ̀rá ikùn fẹ́ fi ọpọlọ ṣe gan-an? Ikùn wà nísàlẹ̀, ọpọlọ wà lókè.

Dókítà Ìgboro
Òpó ẹ̀jẹ̀ ló so wọ́n pọ̀. Ọ̀rá tó bá kóra jọ sí ikùn ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wá. Àwọn méjèèjì yìí á máa ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín inú ọpọlọ jẹ́ fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, láìsí ìrora kankan. Nígbà míì, ó máa ń já sí rọpárọsẹ̀ tó hàn sí gbogbo ayé. Nígbà míì, àwọn kéékèèké tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni, ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lọ́dún tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní ogójì ọdún ni iṣẹ́ wà.

Ọmọ Ìdíkàn
Ẹ ń dárúkọ London, bẹ́ẹ̀ àwọn bàbá àti ìyá wa ní Ìbàdàn wà nínú ọ̀kan lára àwọn ìwádìí iyè rírà tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí. Àdúgbò wa ni wọ́n ti ṣe é.

Ní 1992, àwọn dókítà UCH àti àwọn ti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ojúlé dé ojúlé ní Ìdíkàn, wọ́n ń wá ẹni ọdún 65 sókè. Lọ́dọ̀ tiwa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun ló wà nídìí rẹ̀, ọmọ Èkìtì, òun kan náà tó ti ṣiṣẹ́ ńlá lórí àrùn ẹsẹ̀ àti ojú tó ń bá àwọn tó ń jẹ gbágùúdá tí májèlé rẹ̀ ò tíì kúrò tán. Ó ṣaláìsí ní 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi àtàwọn yòókù ń bá iṣẹ́ náà lọ. Ní Indianapolis, àwọn ọmọ Adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ń wò, àwọn tó jẹ́ pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ lára baba ńlá wọn lọ.

Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni ìbéèrè wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa ò rí pátákó ilé ìwé rí, ẹ ò lè ní kí wọ́n kọ gbólóhùn kan sórí ìwé, kí ẹ wá sọ pé iyè wọn ti ra nítorí pé wọn ò lè kọ ọ́. Wọ́n ṣe ìbéèrè tí aláìmọ̀wé lè dáhùn ní Yorùbá, wọ́n sì tún ń bi ọmọ tàbí ìyàwó ilé léèrè bí ìyá ṣe ń ṣe sí nínú ilé. Àwọn ará ilé ló mọ̀ ọ́n.

Àbọ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 nìyí: nínú ẹni 100 ní Ìdíkàn, ẹni 1.35 ni iyè rírà ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dọọdún. Ní Indianapolis, 3.24 ni. Ó ju ìlọ́po méjì lọ.

Kúnlé Ayọ̀
Mo sọ fún yín! Àmàlà, ewédú, gbẹ̀gìrì! Ẹ̀gbọ́n London yẹ kó wá dọ̀bálẹ̀ fún abùlà.

Ọmọ Ìdíkàn
Kúnlé, rọra. Àwọn tó ṣe é ò sọ pé àmàlà ni. Àwọn ará Ìdíkàn ò sanra tó àwọn ti Indianapolis, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré, ẹ̀jẹ̀ ríru ò pọ̀ láàárín wọn tó ti ọ̀hún, ìtọ̀ ṣúgà náà ò pọ̀. Àbùdá àjogúnbá (gene) kan tún wà tí wọ́n ń pè ní APOE e4, tó máa ń mú ewu Alzheimer, irú iyè rírà tó wọ́pọ̀ jù, ga gan-an láàárín àwọn òyìnbó, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ lágbára lára àwọn Yorùbá Ìbàdàn. Èwo ni ká mú níbẹ̀ ká ní òun ló ṣe é? Ìyá àgbà mi ń rìn láti Ìdíkàn lọ sí Dùgbẹ̀ lójoojúmọ́, pẹ̀lú ẹrù lórí. Ṣé o fẹ́ máa rìn ín?

Èyí tó sì kan Àdùkẹ́: àwọn ará ibẹ̀ kan náà ni wọ́n tọ̀ fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì gbé ti ìwọ̀n ara jáde ní 2011. Àwọn tí iyè wọn padà ra ni ìwọ̀n wọn ń lọ sílẹ̀ ju ti àwọn tí iyè wọn ò ra lọ. Ní Ìdíkàn o, kì í ṣe London. Nínú ọdún náà ni wọ́n tún sọ pé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru wà nínú ewu ju àwọn tí tiwọn ò ru lọ.

Ìyá Ṣadé Alámàlà
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń rò ó sọ tèmi. Ẹ má kó ọ̀rọ̀ àmàlà lé àwọn oníbàárà mi lórí o. Àmàlà tí ẹ rò pé àwọn ará Ìdíkàn ń jẹ ní 1992, ṣé òun lẹ ń jẹ lónìí? Mo mọ ohun tí ọwọ́ mi ń bù. Ní àkókò ìyá mi, ewédú ló ń kún àwo. Wọ́n á fi ìjábẹ̀ já a, wọ́n á fi káún díẹ̀ sí i, ẹran á wà níbẹ̀ bí ẹni ń ṣe àlejò. Ní báyìí, ọ̀gá á wọlé, á ní "ìyá, ẹ̀fọ́ díẹ̀, ẹ wá fi ṣàkì, ògúnfe, àbọ̀dí àti ẹran ọlọ́ràá sí i." Wọ́n á gbé mínírà tútù lé e. Wọ́n á wọ mọ́tò padà sí ọ́fíìsì, wọ́n á jókòó títí di alẹ́.

Mágí ńkọ́? Ẹ lọ wo ìkòkò àwọn tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n á da iyọ̀, wọ́n á wá tú mágí lé e lórí.

Dókítà Ìgboro
Ìyá Ṣadé, ẹ ṣeun. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iyọ̀ tí àgbà ń jẹ lójúmọ́ ò gbọdọ̀ tó gíráàmù márùn-ún, ìyẹn ò ju ṣíbí tíì kan lọ, tòun ti èyí tó wà nínú mágí, búrẹ́dì àti Indomie. Nínú ilé tí Màmá ti ń bu iyọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹlòmíì gba iyọ̀ dídà lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn ni mo lè pè ní dídín kù.

Ewéńjẹ́ Herbal
Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. ÌSỌ̀YÈ wà níbí, ògidì ewé, ọjọ́ méje péré, Màmá á rántí orúkọ gbogbo ẹni tó wá síbi ìgbéyàwó wọn. Ó tún ń yọ ọ̀rá ikùn. Ẹ pè mí lórí [nọ́ńbà ti kúrò]

Alábòójútó
Mo ti yọ nọ́ńbà yẹn. A kì í tajà lábẹ́ ọ̀rọ̀ aláìsàn níbí. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin náà á tẹ̀lé nọ́ńbà yín.

Bàbá Lékan
Ọmọ ìkọ́fá ni wọ́n ń lo ìsọ̀yè fún, kí ẹsẹ̀ Ifá lè dúró sí i lórí. Láti ìgbà wo ló ti di ti ikùn?

Sẹ́gun Croydon
Èmi ni ẹ̀gbọ́n London tí gbogbo yín ti ń fi ṣẹ̀fẹ̀ láti àná. Àdùkẹ́, o ò bá ti pè mí kó o tó gbé mi wá sójú ayé.

Ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan. Mo ti gbọ́ pé kí a má fi ebi pa Màmá. Ó dáa. Ṣé kí wọ́n wá máa jẹ ìrẹsì àti ẹran ọlọ́ràá láàárọ̀ lọ́sàn-án? Níbí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní MIND: ewé tútù, ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀pà, èso kéékèèké aláwọ̀ dúdú, òróró ólífì. Mo kà á pé ó ń dá iyè rírà dúró. Nǹkan tí mo fẹ́ fún wọn náà nìyẹn.

Dókítà Ìgboro
Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Inú mi dùn pé ẹ yọjú fúnra yín.

Oúnjẹ yẹn dáa, kò sì sí ohun tó ṣàjèjì nínú ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀pà lọ́dọ̀ tiwa. Àwọn ìwádìí tó kàn ń wo ohun tí èèyàn ń jẹ láti òkèèrè ti máa ń sọ pé ẹni tó ń jẹ bẹ́ẹ̀ kì í tètè gbàgbé. Ṣùgbọ́n wọ́n wá dán an wò lójúkojú ní Chicago àti Boston: ẹni 604, ọdún mẹ́ta, wọ́n fún apá kan ní oúnjẹ MIND, apá kejì ń jẹ oúnjẹ tí wọ́n ti ń jẹ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí apá méjèèjì dín in kù díẹ̀. Nígbà tí àbọ̀ jáde ní 2023, kò sí ìyàtọ̀ gidi nínú iyè wọn. Ẹ sì kíyè sí irú èèyàn tí wọ́n mú: àwọn tó sanra ni, tí iyè wọn ṣì pé. Kò jọ Màmá rárá.

Ní Finland, wọ́n gba ọ̀nà míì. Wọ́n pe ìwádìí yẹn ní FINGER: ẹni 1,260, ọdún 60 sí 77, ọdún méjì. Wọn ò gbára lé oúnjẹ nìkan, wọ́n fi eré ìdárayá, iṣẹ́ ọpọlọ àti ìṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru kún un. Ìyẹn so èso. Àwọn tí wọ́n ṣe é fún ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n kàn gbà nímọ̀ràn lásán lọ. Àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ náà kà ohun 14 ní 2024, wọ́n ní tí gbogbo ayé bá lè mú wọn kúrò, iyè rírà tó tó 45 nínú 100 ni a lè dènà tàbí sún síwájú. Sísanra jù jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Etí tó di wà níbẹ̀, ojú tí kò ríran dáadáa, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, sìgá, ọtí, àìní ẹni bá sọ̀rọ̀. Ó wù mí kí ẹ bi Àdùkẹ́ bóyá Màmá ń gbọ́ràn dáadáa kí ẹ tó bi í léèrè kùkúńbà.

Mo tún fẹ́ béèrè kan, ẹ má bínú. Ẹni ọdún mélòó ni ẹ̀yin fúnra yín?

Sẹ́gun Croydon
52. Kí ló dé?

Dókítà Ìgboro
Kílò mélòó, gíga mélòó?

Sẹ́gun Croydon
108. Mítà 1.75. Mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ.

Dókítà Ìgboro
Ẹ mú 108, ẹ fi gíga yín pín in, ẹ tún fi gíga pín ohun tó kù. 35 àti díẹ̀ ni. Láti 25 ni wọ́n ti ń sọ pé èèyàn ń sanra jù, láti 30 ni àìsàn ìsanra ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí ẹ kà lórí fóònù yẹn, ẹ̀yin ni wọ́n kọ ọ́ sí, kì í ṣe Màmá. Ewébẹ̀ àti kùkúńbà, ẹ jẹ ẹ́ ní Croydon níbẹ̀.

Kúnlé Ayọ̀
😂😂😂 Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n lọ gbé omi.

Nọ́ọ̀sì Leeds
Kúnlé, ìwọ náà lọ gun òṣùwọ̀n.

Ọ̀gbẹ́ni Sẹ́gun, mo mọ bó ṣe ń rí tí èèyàn bá wà lókèèrè, owó àti ìmọ̀ràn nìkan lọwọ́ ń tó. Ohun tí Àdùkẹ́ nílò lọ́wọ́ yín ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n mú Màmá lọ ṣe àyẹ̀wò. Ohun tó lè mú àgbàlagbà ru pọ̀: eyín, ìtọ̀ ṣúgà, ọ̀fun tí kò gbé oúnjẹ mì dáadáa, ikọ́ ẹ̀gbẹ, jẹjẹrẹ, ìbànújẹ́ ọkàn, kódà oògùn. Donepezil tí wọ́n ń kọ fún àwọn tí iyè wọn ń ra gan-an máa ń pa oúnjẹ mọ́ wọn lẹ́nu. Àrùn náà fúnra rẹ̀ máa ń gba òórùn nímú wọn, ọbẹ̀ tó ń ta sánsán kò ní ta sí wọn mọ́. Wọ́n á tún gbàgbé pé wọn ò tíì jẹun. Ẹ bi wọ́n, wọ́n á ní àwọn ti yó.

Àdùkẹ́ Ìkìrun
Ẹ ṣeun gan-an. A lọ. Ibi tí mo kọ́kọ́ mú wọn lọ, wọn ò tilẹ̀ ní kí wọ́n gun òṣùwọ̀n. Ẹni tó rí wa wo ojú wọn, ó ní "Màmá ti dàgbà", ó kọ fítámìn, ó ní ká máa lọ. Mo bá gba ọ̀dọ̀ míì lọ, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà nìkan.

Àwọn yìí gbé wọn sórí òṣùwọ̀n: 56 kílò. Mo mú káàdì wọn àtijọ́ dání, ti ọdún méjì sẹ́yìn: 67. Dókítà obìnrin yẹn ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, ó kàn fi bírò yí i po. Ó béèrè oògùn tí wọ́n ń lò. Metformin ni, nítorí ìtọ̀ ṣúgà, ó ti pẹ́. Ó ní ó máa ń dín fítámìn B12 kù lára bó bá pẹ́, ó sì máa ń mú ẹlòmíì ru. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Èsì ti jáde, B12 wọn lọ sílẹ̀ gan-an. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Ó ní kí n má rò pé òun ló fa gbogbo ìgbàgbé náà, pé àyẹ̀wò ọpọlọ ṣì kù, ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún ní ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru.

Eyín àtọwọ́dá wọn náà ti ṣo. Èrìgì ti fà sẹ́yìn, eyín ń yọ̀ lẹ́nu wọn. Mo wá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹran. Mo gbé ìrọ̀rí wọn lánàá kí n fọ aṣọ rẹ̀, mo bá ègé ẹran tí wọ́n ti jẹ lápá kan, wọ́n dì í sínú ọ̀rá funfun, wọ́n so ó dáadáa. Ó kéré tán, ti bí ọjọ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ń rò pé àwo ti mọ́!

Dókítà náà ò fẹ́ gbọ́ pé a fẹ́ dín oúnjẹ kù. Ó ní ká dín iyọ̀ kù, ká gba mínírà kúrò, ká má fọwọ́ kan ìyókù.

Ìyá Ṣadé Alámàlà
Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Ẹ má fún wọn ní ẹran líle mọ́. Ẹ lọ ẹja gbígbẹ kúnná sínú ẹ̀fọ́. Mọ́ínmọ́ín ni kí ẹ máa ṣe, kí ẹ fi ẹyin àti ẹja títútù tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀ sí i, kò nílò eyín rárá. Àmàlà kékeré lọ́sàn-án, kí ewédú pọ̀ níbẹ̀ kó lè yọ̀ lọ́fun.

Nọ́ọ̀sì Leeds
Ohun tí ìyá sọ yìí ni à bá fi owó ńlá kọ́ níbí. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un. Ẹ má retí pé kí wọ́n jẹ àwo ńlá ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Kékeré, ẹ̀ẹ̀márùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Ògì wọn, ẹ po wàrà oníyẹ̀fun sí i, ẹ bu ẹ̀pà lílọ̀ ṣíbí kan. Ẹ má fi ṣúgà kún un nítorí ìtọ̀ ṣúgà wọn, kí ẹ sì máa yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò bí dókítà ṣe ní kí ẹ ṣe. Ẹ fi àwo tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí oúnjẹ bù ú. Ẹ̀kọ funfun nínú àwo funfun, ojú wọn lè má rí i. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ̀yin náà máa jẹun. Bí wọ́n bá rí ọwọ́ yín tó ń lọ sẹ́nu, tiwọn náà á lọ.

Kí wọ́n sì tún eyín yẹn ṣe. Kò sí oúnjẹ tó lè rọ́pò ìyẹn.

Tóyìn Ọ̀fà
Ẹ jọ̀ọ́, mo ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá tèmi ni ẹni ọdún 70, wọ́n sanra, ìtọ̀ ṣúgà ń bá wọn jà, eékún ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n iyè wọn pé ju tèmi lọ. Ṣé kí wọ́n má ṣe dín ara kù ni, nígbà tí ẹ ti ní rírù ò dáa?

Dókítà Ìgboro
Tóyìn, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ń dín in kù nítorí eékún àti ṣúgà, tó ń rìn, tó ń jẹ ẹ̀wà àti ẹyin kí ẹran ara rẹ̀ má baà lọ, tí dókítà rẹ̀ sì ń ṣọ́ ọ, ẹ má fi í wé ẹni tó ń ru tí kò mọ̀ pé òun ń ru. Kí bàbá lọ bá dókítà wọn sọ ọ́, kí wọ́n má ṣe é ní kánmọ́kánmọ́. Kí wọ́n má sì gbààwẹ̀ lórí oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì, kí wọ́n dákú. Tí ìwọ̀n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ nígbà tí wọn ò ṣe nǹkan kan, ẹ tètè gbé wọn lọ.

Sẹ́gun Croydon
Àdùkẹ́, mo ti fi owó abẹ́rẹ́ àti ti eléyín ránṣẹ́. Mo fi ti òṣùwọ̀n kún un. Ra èyí tó ní nọ́ńbà ńlá. Mo gbà nípa oúnjẹ, ṣùgbọ́n mínírà kankan kò gbọdọ̀ wọ ilé yẹn mọ́, kódà bí Pásítọ̀ bá gbé e wá.

Àdùkẹ́ Ìkìrun
Owó ti wọlé, ẹ ṣeun. Pásítọ̀ á gbọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra òṣùwọ̀n kan sílé tiyín náà. Ọjọ́ kìíní oṣù ni a ó máa wọn Màmá, láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun, nínú aṣọ kan náà. Ẹ̀yin náà ẹ gùn ún lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ fi nọ́ńbà tiyín ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ kí ti Màmá máa gòkè, kí tiyín máa sọ̀kalẹ̀.